Ta Ló Ni Orin Kìíní Nínú Àwo Àǹtí Rẹ?

Ojúlé wa,
Ìkòròdú.
Ọjọ́rú, lẹ́yìn ìrun Àsárì.

Bàṣírátù mi, Àjọkẹ́, ọmọ tó fi ẹ̀yìn mi ṣe ibùsùn,

Jókòó kí o tó ka ìwé yìí. Tó bá jẹ́ inú ọkọ̀ lo wà, ká a padà sínú àpò títí tí o ó fi délé. O mọ̀ pé mi ò lè tẹ ọ̀rọ̀ gígùn sórí fóònù, ìka mi ń lọ síbi tí mi ò rán an. Ìdí nìyẹn tí mo fi mú bírò. Ara mi le. Ara bàbá rẹ náà le, àfi orúnkún rẹ̀ tó máa ń sọ fún un bí òjò bá ń bọ̀.

Lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun tí o pè mí, ẹkún lo fi ń sọ̀rọ̀. O ní Àǹtí Kúbú ní kí o dá gbogbo iṣẹ́ àwo orin náà dúró, pé àwo kankan kò ní jáde mọ́. O ní o bi í pé kí ló dé, ó sì ní, "Lọ bi ìyá rẹ." O wá bi mí. Mo ní nẹ́tíwọ́ọ̀kì kò dára, mo pa fóònù. Nẹ́tíwọ́ọ̀kì dára, Àjọkẹ́. Ojú ló ń tì mí.

Kí n tó sọ ohun tó ṣẹlẹ̀, jẹ́ kí n sọ irú ẹni tí ìyá rẹ jẹ́. Mo ń jowú Kúbú àbúrò mi. Mi ò ní pè é ní orúkọ mìíràn. Láti ìgbà tó ti wà lọ́mọ ọdún mẹ́tàlá ni mo ti ń jowú rẹ̀, irun orí mi ti funfun báyìí, mi ò tíì simi. Nígbà tí o fi iṣẹ́ báǹkì sílẹ̀, tí o ní o kò lè máa wọ ọkọ̀ ojú omi lọ sí Èkó láràárọ̀ mọ́, tí o sì kó lọ sí Ẹ̀pẹ́ láti máa ṣe alámòójútó iṣẹ́ orin àǹtí rẹ, mo sọ fún àwọn aládùúgbò pé iṣẹ́ tí kò ní owó ìfẹ̀yìntì ló ń bà mí lẹ́rù. Irọ́ ni. Ohun tó dùn mí ni pé ọ̀dọ̀ rẹ̀ lo lọ. Lọ́sẹ̀ tí o débẹ̀, o gbé fọ́tò ẹ̀yin méjèèjì sórí fóònù, ẹ̀ ń rẹ́rìn-ín, o kọ ọ́ sábẹ́ rẹ̀ pé, "Ìyá mi kejì." Mo wo fọ́tò yẹn títí iná fi kú lójú fóònù. Mo ní, ṣé èyí àkọ́kọ́ kò tó ni?

Bàbá rẹ pàápàá, tí kì í gbọ́ ju ìròyìn lọ lórí rédíò, orin Kúbú ló ń gbọ́ nínú mọ́tò. Tí mo bá ti wọlé jókòó, á yí i sílẹ̀. Yíyí tó ń yí i sílẹ̀ yẹn ló ń bí mi nínú jù.

Àwọn tó mọ̀ nípa rẹ̀ ń pe orin rẹ̀ ní rọ́ọ̀kì. Wọ́n á ta gìtá kíkankíkan, wọ́n á lu ìlù bí ẹni ń fọ́ ilẹ̀kùn, òun á wá gbé ohùn híha yẹn sókè, ohùn bí ìgbà tí wọ́n ń rin àgbọn, á mú orin tí ẹlòmíràn ti kọ gbó, á kọ ọ́ bí ẹni pé òun gan-an ni nǹkan náà ṣẹlẹ̀ sí. Àwọn èèyàn á máa sunkún. Orin olórin ló fi di gbajúmọ̀. Tí àwọn obìnrin ẹgbẹ́ àsálátù wa bá ń yìn ín létí mi, mo máa ń ní, "Ó dáa, ṣùgbọ́n orin olórin ni." Omi tí mo fi ń pa iná inú mi nìyẹn, kò sì pa á rí.

Ó wá kan ọ̀rọ̀ àkójọ yìí. Gbogbo ohun tó ti kọ láti ìbẹ̀rẹ̀ títí di òní, orin mẹ́rìndínlógún nínú àwo kan ṣoṣo, ìwọ lo fi orúkọ wọn ránṣẹ́ sí mi. O ní, "Mọ́mì, ẹ bá mi wò ó bóyá àṣìṣe wà níbẹ̀." Níwájú orin kọ̀ọ̀kan lo kọ orúkọ ẹni tó ni ín sí. Níwájú orin kìíní, èyí tó ń jẹ́ "Ọ̀nà Mi Jìn," o kọ ọ́ pé: Orin àtijọ́ láti Ẹ̀pẹ́. A kò mọ ẹni tó dá a sílẹ̀.

Èmi ni, Bàṣírátù. Èmi ni mo dá a sílẹ̀.

O kò bá bàbá wa láyé. Àlùfáà ni, àrọ́mọdọ́mọ àwọn tó tẹ̀lé ọba wọn sá kúrò ní Èkó wá tẹ̀dó sí Ẹ̀pẹ́, ó sì máa ń sọ ìtàn náà bí ẹni pé òun gan-an ló wa ọkọ̀ wọn. Ilé kéú rẹ̀ wà níwájú ilé wa. Èmi ni mo máa ń léwájú orin àwọn ọmọbìnrin nígbàkígbà tí ọmọ kéú bá fẹ́ ṣe wòlímọ̀. Ọmọ ọdún mẹ́rìndínlógún ni mí nígbà tí mo jókòó sẹ́yìn ilé, tí mo ro orin kan fún wòlímọ̀ ọdún yẹn:

Ẹ ṣílẹ̀kùn fún mi, ọ̀nà mi jìn,
ìmọ́lẹ̀ ni mo gbé bọ̀, kì í ṣe ẹrù.

Orin kíákíá ni mo ṣe é, orin àtẹ́wọ́. Gbogbo wa ti kọ́ ọ. Ó ku ọ̀la tí a ó lò ó, ọ̀fìnkìn dé, ohùn mi pin. Mi ò lè sọ "bẹ́ẹ̀ ni" kó jáde. Wọ́n ní kí Kúbú àbúrò mi léwájú dípò mi. Ọmọ ọdún mẹ́tàlá, tí kò tíì mọ gèlè wé.

Kò kọ ọ́ kíákíá. Mi ò mọ ohun tó rí, ó fà á. Ó fà á bí ẹni tó dúró síta lóòótọ́, tí ilẹ̀ ń ṣú lọ, tí àwọn ará ilé sì ń gbọ́ ọ tí wọ́n ń dákẹ́. Àtẹ́wọ́ dúró. Àwọn ìyá tó jókòó sórí ẹní bẹ̀rẹ̀ sí í fi ìborùn nu ojú. Ìyá arúgbó kan wá di orí rẹ̀ mú, ó ní, "Ta ló ni orin yìí?" Ẹnìkan dáhùn pé, "Kúbú ni." Mo wà níbẹ̀. Mo la ẹnu, afẹ́fẹ́ lásán ló jáde.

Nígbà tí a délé, Kúbú ní, "Ẹ̀gbọ́n mi, ṣé mo kọ ọ́ dáadáa?" Mo fi orí dáhùn pé rárá.

Ìmọ̀ràn kìíní nìyí, di í mú. Bí ẹni tó kéré sí ọ bá ṣe nǹkan dáadáa, sọ fún un lójú ẹsẹ̀, kódà bó bá ń ta ọ́ lára. Ìyìn tí a kò sọ jáde, kíkan ló ń kan nínú ẹni, bí omi ògì tí wọ́n gbàgbé sẹ́yìn ilẹ̀kùn. Ká ní mo fi orí sọ pé bẹ́ẹ̀ ni lẹ́ẹ̀kan péré lọ́jọ́ yẹn, bóyá mi ò ní lẹ́tà kankan láti kọ lónìí.

Ọdún díẹ̀ lẹ́yìn náà, mo wà nílé ẹ̀kọ́ àwọn tíṣà. Wọ́n ti fi Kúbú sọ́dọ̀ àbúrò bàbá wa obìnrin níhìn-ín ní Ìkòròdú pé kó kọ́ṣẹ́ aránṣọ. Mo wá kí i lọ́sàn-án ọjọ́ Sọ́ńdè kan, mi ò bá a nílé. Aládùúgbò kan ní, "Ẹ lọ sí hòtẹ́ẹ̀lì tó wà lọ́nà Èbúté. Ibẹ̀ ló ti ń kọrin." Ó sọ ọ́ bí ẹni pé ohun tí gbogbo ayé mọ̀ ni.

Mo débẹ̀. Àgbàlá gbalasa ni, àwọn èèyàn jókòó pẹ̀lú ìgò níwájú. Ọmọkùnrin tẹ́ẹ́rẹ́ kan ń ta gìtá oníná, Jímọ̀ lorúkọ rẹ̀. Kúbú dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, kò borí, ó di ẹ̀rọ gbohùngbohùn mú. Bó ṣe rí mi, ojú rẹ̀ tàn. Ó sọ sínú ẹ̀rọ náà pé, "Ẹ̀gbọ́n mi ló wọlé yẹn o! Òun ló ni orin tí mo fẹ́ kọ yìí." Ó sì kọ ọ́. Àjọkẹ́, gbogbo wọn dìde. Lẹ́yìn tó dárúkọ mi tán, kò sẹ́ni tó wo ọ̀dọ̀ mi mọ́. Òun ni wọ́n ń wò. Mo dúró síbẹ̀ bí ẹni tí wọ́n gba aṣọ lára rẹ̀ tí wọ́n sì ń dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀.

Ó tẹ̀ lé mi dé ibi tí mo ti máa wọkọ̀. Ó ń sọ̀rọ̀, kò mí. Ọkùnrin kan tó ń ṣe àwo orin ti gbọ́ ọ, wọ́n máa gba orin yẹn sílẹ̀ lóṣù tó ń bọ̀. Jímọ̀ fẹ́ fẹ́ ẹ, ó máa wá rí Bàbá lọ́jọ́ Sátidé. "Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má tíì sọ fún Bàbá nípa orin o. Jímọ̀ fẹ́ sọ ọ́ fún wọn fúnra rẹ̀ tí wọ́n bá ti mọ̀ ọ́n tán."

Mo ní, "Ṣé olófòófó ni mí ni?"

Mo wà nílé fún ìsinmi nígbà tí Jímọ̀ wá sí Ẹ̀pẹ́ lọ́jọ́ Sátidé lóòótọ́, òun àti ẹ̀gbọ́n bàbá rẹ̀ kan. Ó dọ̀bálẹ̀, ó sọ̀rọ̀ bí ọmọlúàbí. Bàbá ní òun á rò ó. Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, lẹ́yìn ìrun Ṣúbúhì, mo wọlé tọ Bàbá. Mo ní, "Bàbá, nítorí pé mo fẹ́ràn rẹ̀ ni mo ṣe fẹ́ sọ ọ́." Mo sọ hòtẹ́ẹ̀lì. Mo sọ ìgò. Mo sọ orí tí kò bò. Mo fi díẹ̀ lé e.

Bàbá kò mu omi kó tó gbéra. Ọjọ́ náà ló mú un bọ̀ láti Ìkòròdú. Ẹ̀rọ ìránṣọ àti àpótí rẹ̀ tẹ̀ lé e lẹ́yìn. Inú ilé ló wà títí ààwẹ̀ fi yí po. Ọkùnrin tó ń ṣe àwo orin wá ẹlòmíràn. Ẹ̀ẹ̀mẹta ni Jímọ̀ wá, ẹ̀ẹ̀mẹta ni wọ́n dá a padà lẹ́nu ọ̀nà.

Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, mo ń ká aṣọ, Kúbú wá dúró tì mí. Ó ti rù. Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n mi, ta ló sọ fún Bàbá?"

Mi ò gbé ojú sókè. Mo ní, "Ṣé kì í ṣe Jímọ̀ ló bá Bàbá sọ̀rọ̀ lọ́jọ́ Sátidé ni?"

Láti ọjọ́ yẹn, gbogbo lẹ́tà tí Jímọ̀ bá kọ, kò já a, ó máa ń dá a padà ni. Ìka tó bá ṣẹ̀ ni ọba ń gé, ṣùgbọ́n ìka Jímọ̀ ni wọ́n gé nítorí tèmi.

Nítorí náà, ìkejì: a lè fi ìbéèrè parọ́. Fún ọ̀pọ̀ ọdún ni mo ń tu ara mi nínú pé mi ò parọ́ fún àbúrò mi, pé ìbéèrè lásán ni mo bi í. Ọlọ́run kò béèrè bóyá gbólóhùn náà ní àmì ìbéèrè. Ìkẹta, tàbí kó tún wà lára ìkejì, mi ò mọ̀: owú kì í sọ pé owú ni òun. "Nítorí pé mo fẹ́ràn rẹ" ni aṣọ tó máa ń wọ̀ jáde. Ìgbàkígbà tí o bá gbọ́ tí ẹnu rẹ ń sọ pé ire ẹlòmíràn lò ń wá, tí ara rẹ sì fúyẹ́ bí o ṣe ń sọ ọ́, dákẹ́. Tún un wò.

Lẹ́yìn tí Bàbá kú, Kúbú lọ sí Èkó, ó ń tẹ̀ lé àwọn onígìtá kiri. Kò fẹ́ ọkọ. O ti bi mí rí pé kí ló dé tí àǹtí rẹ kò ní ẹnìkan. Mo ní kò rí èyí tó wù ú. Jímọ̀ pa gìtá tì, ó di mẹkáníìkì ẹ́ńjìnì ọkọ̀ ojú omi ní Èbúté Ìkòròdú. Nígbà tí mo fẹ́ bàbá rẹ, tí a sì kó wá sí ẹ̀síteètì yìí, mo rí i lọ́ọ̀ọ́kán lẹ́ẹ̀kan, ó tẹ̀ lórí ẹ́ńjìnì kan. Láti ọjọ́ náà, Ìpakodò ni mo máa ń ní kí a ti wọkọ̀ ojú omi, dípò Èbúté. Ẹ rò pé mo fẹ́ràn ọkọ̀ ibẹ̀.

Ọjọ́ ìsọmọlórúkọ rẹ, Kúbú wá. Ó fẹ́ kọ "Ọ̀nà Mi Jìn" fún ọ, ó fẹ́ sọ fún àwọn àlejò pé ìyá ọmọ ló ni ín. Mo fà á wọ inú kíṣìnnì. Mo ní, "Tíṣà ni mí, ìyàwó òṣìṣẹ́ ìjọba ni mí. Orúkọ mi kò gbọdọ̀ sí nínú orin rẹ láé. Ṣé o gbọ́?" Ó ní, "Mo gbọ́, ẹ̀gbọ́n mi." Ó gbé ọ, ó fi ẹnu kò ọ́ níwájú orí, ó lọ. Kò kọrin lọ́jọ́ yẹn.

Mo ti gbàgbé ọ̀rọ̀ yẹn pátápátá o. Nígbà tí mo rí i nínú ìwé rẹ pé "a kò mọ ẹni tó dá a sílẹ̀," ohun tó wá sí mi lọ́kàn ni pé Kúbú ti jí orin mi. Mi ò sùn. Láàárọ̀, bàbá rẹ ní, "Ìyá Bàṣírá, níbo?" Mo ní, "Ẹ̀pẹ́." Ó wo ojú mi, ó ní, "Má jà o. Ẹ ti dàgbà jù." Mo wọkọ̀ ní ibùdókọ̀ Benson, a gba Ìtòikin, gbogbo ọ̀nà ni mo fi ń to ọ̀rọ̀ èébú bí ẹni ń to ìgànná.

O kò sí nílé, o ti lọ sí Èkó lọ́dọ̀ àwọn tó ń tẹ àwo. Mo bá a lẹ́yìnkùlé, ibi tó kọjú sí ọ̀sà, ó ń họ ìpẹ́ ẹja ọ̀bọ̀kún. Ó kúnlẹ̀ kí mi. Mo ní:

"Kúbúrátù, ta ló ni 'Ọ̀nà Mi Jìn'?"

"Ẹ̀yin ni, ẹ̀gbọ́n mi."

"Kí ló dé tí o ní a kò mọ ẹni tó ni ín?"

Ó fi ẹ̀yìn ọwọ́ nu ìpẹ́ kúrò níwájú orí. Ó ní, "Ẹ ní kí orúkọ yín má sí nínú orin mi láé. Ọjọ́ ìsọmọlórúkọ Bàṣírá, nínú kíṣìnnì yín. Bí ẹnikẹ́ni bá ti bi mí, mo máa ń ní mi ò mọ̀. Àwọn oníwèé ìròyìn, àwọn tó ń ṣe àwo orin, Bàṣírá pàápàá. Mo rò pé ohun tí ẹ fẹ́ nìyẹn."

Gbogbo ìgànná tí mo tò, ó wó lu mí. Mo jókòó sórí àpótí. Àbúrò mi ti fi gbogbo ọdún yẹn pa àṣẹ mi mọ́, àṣẹ tí èmi fúnra mi ti gbàgbé pé mo pa. Mi ò lè fara dà á. Ká ní ó jí i ni, ara ì bá tù mí. Bí mo ṣe bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀rọ̀ nìyẹn, mi ò sì mọ ẹni tó rán mi. Mo ní, "Kúbú, Jímọ̀ kọ́ ló sọ fún Bàbá. Èmi ni."

Ọ̀bẹ ń lọ lára ẹja náà. Ó lọ díẹ̀ sí i, ó wá dúró.

"Kí lẹ sọ?"

Mo tún un sọ. Mo sọ hòtẹ́ẹ̀lì, mo sọ ọ̀rọ̀ tí mo fi lé e, mo sọ aṣọ tí mo ń ká.

Kò pariwo. Ó dìde, ó bu omi ṣan ọwọ́ rẹ̀, ó fi ọṣẹ fọ̀ ọ́, ó tún fi ọṣẹ fọ̀ ọ́. Ó ní, "Ó kọ lẹ́tà mẹ́sàn-án sí mi. Mi ò já ọ̀kan." Ó ní, "Ẹ máa lọ, ẹ̀gbọ́n mi." Mo kúnlẹ̀, èmi ẹ̀gbọ́n rẹ̀. Ó ní, "Ẹ dìde, ẹ má jẹ́ kí n ṣẹ̀ sí yín. Ẹ máa lọ. Tí ẹ bá fẹ́ tọrọ àforíjì, èmi nìkan kọ́ ni ẹ ṣẹ̀."

Ọjọ́ kejì ni ó sọ fún ọ pé kí o dá iṣẹ́ dúró. O ti mọ ìdí rẹ̀ nísinsìnyí.

Mo lọ sí Èbúté. Mo rìn kọjá àwọn ẹlẹ́ja àti àwọn tó ń kó iyanrìn, mo bá Jímọ̀ lábẹ́ búkà kan pẹ̀lú ẹ́ńjìnì tí wọ́n tú palẹ̀. Ó ti hewú. Ó mọ̀ mí. Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n Kúbú, ẹ káàárọ̀," bí ẹni pé àná la ríra. Mo sọ ọ́ fún un ní ìdúró. Ó ń fi àkísà nu irin kan bí mo ṣe ń sọ̀rọ̀. Nígbà tí mo parí, ó ní:

"Mo mọ̀ pé èmi kọ́ ni mo sọ ọ́. Ẹni tó sọ ọ́ kò dùn mí tó bẹ́ẹ̀. Ohun tí mi ò mọ̀ títí di òní ni ìdí tó fi gbà pé èmi ni."

Mo ní, "Èmi ni mo jẹ́ kó gbà bẹ́ẹ̀."

Ó ní, "Ẹnu yín nìkan?"

Mo ní kó dárí jì mí. Ó ní, "Ẹ má tọrọ ìyẹn lọ́wọ́ mi lónìí, Màmá. Ẹni tó ni ẹ́ńjìnì yìí ń bọ̀." Ó tẹ̀ síbi iṣẹ́ rẹ̀. Mo dúró díẹ̀, mo wá kúrò.

Ohun tó ṣẹlẹ̀ nìyẹn, Àjọkẹ́. Bí irọ́ bá lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ni òtítọ́ á bá a. Ohun tí òwe yẹn kò sọ ni pé, lọ́jọ́ tí òtítọ́ bá dé, ogún ọdún náà kò ní padà wá.

Gbọ́ àwọn ìyókù, mi ò ní kà wọ́n mọ́. Nínú iṣẹ́ rẹ tuntun yìí, má tún kọ "a kò mọ̀" láìtíì béèrè. Lọ bá àwọn ìyá arúgbó. Orin kì í hù lójú ọ̀nà bí koríko, ẹnìkan ló jókòó sẹ́yìn ilé rò ó. Má sì ṣe jẹ́ iṣẹ́ ẹlòmíràn nìkan ni o ó máa gbé ga láyé rẹ. Ní tìrẹ. Mi ò mọ̀ bóyá owú ló ń sọ èyí, wò ó fúnra rẹ. Bí ẹnìkan bá sọ fún ọ pé ọ̀rẹ́ rẹ ló dà ọ́, lọ bá ọ̀rẹ́ náà, já lẹ́tà rẹ̀, jẹ́ kó rò tẹnu rẹ̀. Àǹtí rẹ náà ní ẹ̀bi díẹ̀ níbẹ̀, Jímọ̀ kò purọ́, ṣùgbọ́n èmi kọ́ ló yẹ kí n sọ ọ́ fún un. Má sì dúró láàárín èmi àti òun láti bẹ̀bẹ̀ fún mi. Mo ti sọ fún bàbá rẹ náà. Ẹ fi wá sílẹ̀.

Jímọ̀ sọ pé ẹnu mi nìkan kọ́. Mo ti ro ọ̀rọ̀ yẹn lọ, mo ti rò ó bọ̀. Mo rò pé bí ẹni tí a gbọ́kàn lé jù bá ṣẹ́ wa ní ìyẹ́, ẹni tó wà nítòsí la máa ń lù: èmi ni Kúbú gbọ́kàn lé, Jímọ̀ ló lù. Ọmọ mi, ṣọ́ra fún ẹni tó gbọ́kàn lé ọ jù. Òun ni o lè pa lára láìgbé ọwọ́ sókè.

Ọjọ́ Ẹtì, lẹ́yìn ìrun Jímọ̀.

Mi ò tíì fi ìwé yìí ránṣẹ́, nǹkan ti ṣẹlẹ̀. Kúbú pè mí lówùúrọ̀ yìí. Kò béèrè àlàáfíà mi. Ó ní:

"Ẹ sọ fún ọmọ yín kó máa bá iṣẹ́ lọ. Kò ṣẹ̀ mí. Ṣùgbọ́n mo fẹ́ tún orin kìíní gbà sílẹ̀. Orúkọ yín máa wà níbẹ̀."

Mo ní, "Kúbú, ṣé o ti dárí jì mí?"

Ó ní, "Rárá. Ẹ̀yin lẹ ni orin, ìyẹn yàtọ̀."

Mo bi í léèrè Jímọ̀. Ó ní, "Èmi àti Jímọ̀, ẹ̀gbọ́n mi, ẹ má tún dá sí i." Ó pa fóònù.

Nítorí náà padà sẹ́nu iṣẹ́ rẹ. Má bi í léèrè nǹkan kan. Bó bá kọ̀ tí kò fẹ́ jẹun, gbé e kalẹ̀ níwájú rẹ̀, kí o jáde.

Mo rò pé ìdùnnú ni yóò gbà mí lọ́kàn pé orúkọ mi máa wà nínú àwo. Kò rí bẹ́ẹ̀. Mo ní kí bàbá rẹ gbé orin náà sí i fún mi, kó má yí i sílẹ̀. A jókòó nínú mọ́tò níwájú ilé, a kò lọ síbì kankan. Mo gbọ́ ọ láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin fún ìgbà àkọ́kọ́ láyé mi. Bàbá rẹ ń wo iwájú. Ó ní, "Ìyá Bàṣírá, ó dáa, àbí kò dáa?" Inú mi ń jó bí ìgbà tí mo wà lọ́mọ ọdún mẹ́rìndínlógún, ó ń ta mí gan-an ni. Mo ní ó dáa.

O máa nílò ohun tí o ó kọ síwájú orin kìíní. Kọ ọ́ báyìí, má yọ ọ̀rọ̀ kan, má fi ọ̀rọ̀ kan kún un:

Sàlámótù ló dá orin yìí sílẹ̀. Kúbúrátù àbúrò rẹ̀ ló mọ̀ ọ́n kọ.

Èmi ìyá rẹ tó ń jowú síbẹ̀,
Sàlámótù.